Ẹnu-Ọ̀nà Ẹ̀yìn Kọ́ Ni Obìnrin Yóò Máa Gbà Wọ Ààfin

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè gbé mì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ọjọ́ àṣà wa jókòó láti yẹ àwọn eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ wò, eré kan wà nínú wọn tí gbogbo wa rẹ́rìn-ín sí, tí a sì yìn. Ìtàn obìnrin kan ni, igbákejì olórí kọ́múnù. Olórí kọ́múnù kú lójijì, obìnrin yìí sì gorí àga. Kò pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi kó jáde nílé, tí ọmọ rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí eré máa fi parí, àṣírí tú: òun gan-an ló pa ọ̀gá rẹ̀.

Mo bi ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà lára àwọn tó kọ eré náà léèrè pé, kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí àwọn ará ìlú dìbò yan obìnrin náà? Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, ṣé irú ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ nínú eré ni?»

Ìbéèrè rẹ̀ ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Àwọn àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ sọ pé kí n má fi ọ̀rọ̀ ṣe ọ̀ràn, pé eré lásán ni. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ọmọ yẹn kò fi ojú rẹ̀ rí olórí kọ́múnù obìnrin tó pa ènìyàn. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti rí i, lórí ẹ̀rọ alágbèéká ló sì ti ń wò ó lálaalẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: àwọn eré orí tẹlifíṣọ̀n tó ń fi obìnrin joyè ìṣèlú kì í sábà jẹ́ kí ó gba ẹnu-ọ̀nà iwájú wọlé. Bí ó bá sì wọlé, wọ́n á mú kí ó san gbèsè tí ọkùnrin kì í san. Bí obìnrin náà bá tún jẹ́ dúdú, ẹ̀yìn ìtẹ́ ni wọ́n máa ń dá a dúró sí. Àwa tó ń kọ́ ọmọ ní èdè àti àṣà wa kò gbọdọ̀ da irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kọ bí ẹni da ìwé orí pátákó kọ.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eré tí àwọn ọmọ wa ń wò ti ń wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, ilé iṣẹ́ ABC bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré Commander in Chief hàn. Geena Davis ló ṣe Mackenzie Allen, obìnrin àkọ́kọ́ tó di Ààrẹ Amẹ́ríkà nínú ìtàn náà. Báwo ló ṣe débẹ̀? Igbákejì Ààrẹ ni. Àìsàn kọ lu Ààrẹ, ó sì kú. Kí ọkùnrin náà tó kú pàápàá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, kí ọkùnrin mìíràn lè jókòó síbẹ̀. Kò ju sáà kan lọ tí wọ́n fi pa eré náà tì.

Nínú Veep, tí HBO ṣe láti 2012 di 2019, Selina Meyer di Ààrẹ nítorí pé Ààrẹ tó wà lórí oyè fipò sílẹ̀. Nínú House of Cards, ìgbà tí ọkọ Claire Underwood fipò sílẹ̀ ni Claire tó jókòó. Nínú Scandal, ọkùnrin kan ló wọlé ìbò. Wọ́n yìnbọn fún un ní alẹ́ ọjọ́ ìbò gan-an, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Mellie Grant tó rí oyè náà gbà. Nínú The Diplomat, ní ọdún 2024, Ààrẹ kú, Grace Penn tí í ṣe igbákejì rẹ̀ sì gorí àga. Ẹ ka ọdún náà: láti 2005 di 2024, ọdún 19 ni. Ọmọ tí a bí nígbà ti àkọ́kọ́ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n ṣì ń ṣí fún obìnrin.

Ẹnìkan lè sọ pé bí òfin Amẹ́ríkà ṣe rí nìyẹn, pé bí Ààrẹ bá kú, igbákejì ló ń rọ́pò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin kọ́ ló pa Ààrẹ inú eré. Ẹni tó kọ eré ló pa á. Ó lè jẹ́ kí obìnrin náà rin ìlú ká, kí ó bá àgbẹ̀ àti oníṣòwò sọ̀rọ̀, kí ó bá alátakò rẹ̀ jiyàn, kí ó sì gba ìbò. Ó yan ikú nítorí pé ikú rọrùn: kò béèrè pé kí a ṣàlàyé ìdí tí àwọn ènìyàn fi lè fẹ́ obìnrin ní olórí.

N kò fi èyí tó gba ìbò pamọ́. Nínú 24, ní ọdún 2009, Allison Taylor dé orí oyè nípa ìbò. Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ nítorí àdéhùn àlàáfíà kan, ó sì fi ìtìjú kúrò nípò. Nínú Madam Secretary, Elizabeth McCord wọlé ìbò pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n sáà tó kẹ́yìn ni, ní 2019, apá mẹ́wàá péré ni wọ́n sì fún sáà náà. Ìwádìí àwọn tó fẹ́ yọ ọ́ nípò ló sì gba púpọ̀ nínú wọn. Ìyẹn ni pé ọdún márùn-ún ni a fi wò ó nígbà tó ń sin Ààrẹ ọkùnrin, oṣù díẹ̀ ni a fi wò ó nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Ààrẹ.

Nísinsin yìí, ẹ gbọ́ ohun tó ń dùn mí jù. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún 2005, nígbà tí Commander in Chief ń lọ lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, àwọn ará Làìbéríà tò sí ìlà lábẹ́ oòrùn, wọ́n sì dìbò yan Ellen Johnson Sirleaf. George Weah, agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé mọ̀, ni ó bá du oyè náà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2006, ó búra wọlé. Kò sí Ààrẹ kankan tó kú sórí àga kí ó tó jókòó. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní 2011, ó sì fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2018 fún Weah yẹn kan náà. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ eré ní orílẹ̀-èdè tó lówó jù lọ láyé kò lè ro láìpa ọkùnrin kan, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ogun jáde ṣe é pẹ̀lú ìwé ìbò. Ta ló yẹ kó kọ́ ta lẹ́kọ̀ọ́?

Gbèsè tí obìnrin ń san

Bí a bá kọjá ẹnu-ọ̀nà, a dé inú ilé. Eré tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Borgen ti ilẹ̀ Dẹ́nímákì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Birgitte Nyborg ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan. Ìdìbò àti ìdúnàádúrà láàárín àwọn ẹgbẹ́ ló sọ ọ́ di Olóòtú Ìjọba. Ọ̀nà iwájú lòun gbà, mo sì kan sáárá sí àwọn tó kọ ọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Helle Thorning-Schmidt di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ Olóòtú Ìjọba Dẹ́nímákì ní tòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí eré tó dára bẹ́ẹ̀ pàápàá fi ọrùn obìnrin náà ru. Ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣàìsàn ọkàn, ìyá náà sì ní láti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó lè tọ́jú rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, n kò jiyàn. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, ọkùnrin mélòó nínú eré ìṣèlú ni ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn nítorí pé bàbá lọ sí ìpàdé? Bí ọkùnrin bá pẹ́ níbi iṣẹ́, eré á sọ pé ìlú ló ń sìn. Bí obìnrin bá pẹ́ níbẹ̀, eré á fi abọ́ oúnjẹ tó ti tutù hàn wá, àti ọmọ tó ń sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Faransé mọ̀ ju èmi lọ. Ní 2006, wọ́n ṣe L'État de Grace, níbi tí Anne Consigny ti ṣe Grace Bellanger, obìnrin tí wọ́n dìbò yàn ní Ààrẹ Faransé. Kí ni ìtàn náà dá lé? Ó lóyún. Gbogbo ohun tó wà nínú oyè Ààrẹ, láti orí owó ìlú dé orí àwọn ọmọ ogun, ikùn obìnrin náà ni a gba inú rẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, Baron noir dé. Amélie Dorendeu di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ Ààrẹ Faransé nínú rẹ̀, obìnrin tó gbọ́n, tó sì mọ̀ràn. Ṣùgbọ́n Philippe Rickwaert, ọkùnrin tó ń ti àwọn ènìyàn sórí oyè láti ẹ̀yìn, ni wọ́n fi orúkọ eré náà pè. Òun ni ọkàn wa ń tẹ̀ lé. Obìnrin jẹ Ààrẹ, ọkùnrin ló ni ìtàn.

Obìnrin dúdú lẹ́yìn ìtẹ́

Apá tó kan àwọ̀ ara ló kàn, èyí sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, àwa tí àwọn ọmọ wa dúdú.

Láti ọdún 2001 ni eré 24 ti fi ọkùnrin dúdú kan, David Palmer, hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń du oyè Ààrẹ Amẹ́ríkà, tó sì jẹ ẹ́. Nígbà tí Barack Obama wọlé ní 2008, àwọn kan sọ pé eré náà wà lára ohun tó mú kí ojú àwọn ará Amẹ́ríkà mọ́ irú ohun bẹ́ẹ̀ lára. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè pé kí ni wọ́n fi mú ojú wọn mọ́ obìnrin dúdú lára?

Scandal ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Láti 2012 di 2018 ni Kerry Washington fi ṣe Olivia Pope. Ó tó bí ogójì ọdún tí obìnrin dúdú ti ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn kẹ́yìn nínú irú eré bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńláńlá Amẹ́ríkà. Ìdùnnú àwọn obìnrin dúdú káàkiri ayé kì í ṣe kékeré, èmi náà sì bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ Olivia? Ó ń tún ohun tí àwọn ẹlòmíràn bàjẹ́ ṣe. Bí olóṣèlú bá dá ọ̀ràn, òun ni wọ́n ń pè lóru kí ó wá nu ilẹ̀. Ààrẹ aláwọ̀ funfun kan, ọkọ oníyàwó, ló tún jẹ́ àlè rẹ̀. Ó fi ọgbọ́n rẹ̀ gbé ọkùnrin yẹn dórí oyè, ó tún ti ìyàwó ọkùnrin náà lẹ́yìn títí òun pẹ̀lú fi jẹ Ààrẹ. Òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́yìn àga.

Nígbà tí eré náà máa parí, wọ́n fi àwọn ọmọdébìnrin dúdú méjì hàn wá tí wọ́n dúró níwájú àwòrán ńlá kan nínú ilé ìṣàfihàn àwòrán. Olivia ló wà nínú àwòrán náà. Àwọn kan ní ó túmọ̀ sí pé ó padà di Ààrẹ. Eré náà kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Sáà méje ni wọ́n fi fi hàn wá bí obìnrin dúdú ṣe ń gbọn eruku ààfin. Bóyá ó ṣàkóso, ìṣẹ́jú díẹ̀ àti àwòrán kan ni wọ́n fún wa láti fi máa méfò.

Ẹ má ṣe rò pé kò sí obìnrin dúdú tó jẹ Ààrẹ nínú eré rí. Alfre Woodard jẹ Ààrẹ Constance Payton nínú State of Affairs ní 2014, ṣùgbọ́n obìnrin aláwọ̀ funfun kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ aṣọ́lẹ̀-ìjọba ló ni ìtàn náà, kò sì kọjá sáà kan. Angela Bassett jẹ Ààrẹ Evelyn Mitchell nínú Zero Day ní 2025. Nígbà tí ìyọnu dé bá ìlú, Ààrẹ àtijọ́ kan, ọkùnrin aláwọ̀ funfun tí Robert De Niro ṣe, ni wọ́n ké sí láti wá gba ìlú là. Wọ́n gbé oyè fún un, wọn kò gbé ìtàn fún un. Bẹ́ẹ̀, ní ayé gidi, Shirley Chisholm, obìnrin dúdú, ti jáde láti du ìyànsípò ẹgbẹ́ òṣèlú Dẹmọkirátì fún oyè Ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1972. Ayé ti rìn jìnnà kí eré tó jí.

Àwọn mìíràn rò pé oògùn rẹ̀ ni kí a ya obìnrin dúdú bí áńgẹ́lì. Fíìmù ni The Woman King ti 2022, kì í ṣe eré alátìgbàdégbà, ṣùgbọ́n ó kàn wá débi pé n kò lè fò ó. Àwọn jagunjagun obìnrin Dàhọ̀mì ni ó gbé yọ, Viola Davis sì fi agbára ńlá ṣe olórí wọn. Fíìmù náà ní olórí yìí lòdì sí òwò ẹrú, ó sì fi àwọn ará Ọ̀yọ́ ṣe ọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn àgbà Kétu. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì run ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ará rẹ̀ lẹ́rú. Àwọn obìnrin ológun wà lára wọn. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n dè ní ìdè kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé agbára lọ́wọ́ obìnrin agbára náà ni: ó lè gbani, ó lè kóni. Ẹni tó ní àjẹ́ ni obìnrin alágbára, àti ẹni tó ní áńgẹ́lì ni, àwọn méjèèjì kò jẹ́ kí ó jẹ́ ènìyàn.

Àwa náà ńkọ́?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; n kò ní bá àwọn àjèjì wí kí n fi ilé sílẹ̀. King of Boys ti Kemi Adetiba, tó jáde ní fíìmù ní 2018, tó sì padà wá ní apá méje lórí Netflix ní 2021, fi Sọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe Ẹniọlá Salami, tó jáde du oyè gómìnà Èkó. Obìnrin Yorùbá, àgbà obìnrin, tó ń fi òwe gbá ọkùnrin létí: mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ta mí. Ṣùgbọ́n ibo ni agbára rẹ̀ ti wá? Inú ẹ̀jẹ̀ àti owó òkùnkùn ni. Òun ni ọba àwọn ọ̀daràn kí ó tó fẹ́ di gómìnà. Bí irú rẹ̀ mẹ́wàá bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀daràn, kò sí ẹjọ́. Ìgbà tí ó bá jẹ́ òun nìkan ni àwọn ọmọ wa mọ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ẹ sì rántí Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1970, ọ̀pọ̀ wa sì ti kà á nílé ẹ̀kọ́. Èdè rẹ̀ dùn. N kò mọ ẹni tó lè kọ Yorùbá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú rẹ̀, Ìyálóde Ìbàdàn jẹ́ ìkà tó pa ẹrú rẹ̀ aboyún, tó sì gbẹ̀yìn gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìtàn jẹ́rìí pé ó ṣìkà sí àwọn ẹrú rẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn tún sọ ohun mìíràn. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà yọ ọ́ lóyè ní 1874, ẹ̀sùn tó fi kàn án, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́, kì í ṣe ti ẹrú rárá: kò bá a lọ sójú ogun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tó ti ogun dé. Ọ̀rọ̀ ogun ni, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Onímọ̀ ìtàn Bọ́láńlé Awẹ́ ti kọ́ wa láti rí òṣèlú nínú obìnrin yìí. Orí ìtàgé gbé ìkà rẹ̀, ó fi òṣèlú rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnìkan lè já mi ní koro báyìí, kí ó sọ pé ayé gidi náà ni eré ń tẹ̀ lé. Ó lè tọ́ka sí Nàìjíríà, níbi tí a kò tíì fi ìbò yan obìnrin kan ní gómìnà rí. Virginia Etiaba tó jẹ gómìnà Anambra, láti oṣù kọkànlá 2006 di oṣù kejì 2007, jẹ ẹ́ nítorí pé wọ́n yọ ọ̀gá rẹ̀ nípò. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá ọ̀gá náà padà, ó dìde fún un. Mo gbà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ayé pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wà, ẹ̀rí èyí sì wà ní ilẹ̀ tiwa.

Ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993, obìnrin ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́, Élisabeth Pognon. Ní 1996, Ààrẹ tó wà lórí oyè pàdánù ìbò. Ilé ẹjọ́ tí obìnrin yìí darí ló kéde èsì náà, agbára sì ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Conceptia Ouinsou ló gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀, láti 1998 di 2008. Ọdún 15 gbáko ni obìnrin fi jẹ́ ẹni tó ń sọ fún Bẹ̀nẹ̀ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Rosine Soglo dá ẹgbẹ́ òṣèlú La Renaissance du Bénin sílẹ̀ ní 1992. Marie-Élise Gbèdo jáde du oyè Ààrẹ ní 2001, ó tún jáde ní 2006 àti 2011. Òfin ìdìbò 2019 fi àga 24 nínú 109 sílẹ̀ fún obìnrin nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Láti 2021, Mariam Chabi Talata di Igbákejì Ààrẹ, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìwé ìbò pẹ̀lú ti Ààrẹ. Ní Tógò, Yawa Djigbodi Tsègan di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 2019, Victoire Tomégah Dogbé sì di Olóòtú Ìjọba ní 2020. N kò ní kí ẹ fẹ́ràn ìṣèlú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo ní kí ẹ sọ fún mi, eré wo lórí tẹlifíṣọ̀n wa ni ó ti ti inú irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ jáde? Èmi kò tíì rí ọ̀kan. Alẹ́ ọjọ́ tí adájọ́ kan jókòó pẹ̀lú èsì ìbò níwájú rẹ̀, tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń dúró dè é: ṣé ìyẹn kò tó eré ni?

A tiẹ̀ ní eré tó dàgbà ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwa Kétu ń sọ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹ̀, tí UNESCO sì kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ìṣúra gbogbo ayé, orí agbára àwọn ìyá wa ló dúró lé. Agbára yẹn kì í dúró de ikú ọkùnrin kankan kí ó tó wà. Ó ti wà kí ìlù tó dún. A ń bẹ̀rù rẹ̀, a ń bẹ̀ ẹ́, a sì ń fi ẹ̀fẹ̀ bá ẹni tó ṣì í lò wí. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní fi í yangàn ju bó ti yẹ lọ: Ìyálàṣẹ̀ ni olórí, ṣùgbọ́n ọkùnrin ló ń gbé ère. Àwa náà ní ohun tí a ó tún ṣe.

Ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ fún

N kò ní kí a ju eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí nù. Àwọn ọmọ náà mọ èdè, wọ́n mọ bí a ṣe ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. N kò sì ní kí wọ́n sọ obìnrin náà di ẹni mímọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni pé, kí eré kan tó gun orí ìtàgé wa, kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkíní: báwo ni obìnrin yìí ṣe dé orí oyè? Bí ó bá jẹ́ ikú ló gbé e débẹ̀, kí ẹni tó kọ ọ́ sọ ìdí tí ìbò kò fi lè gbé e débẹ̀.

Èkejì: ṣé a rí iṣẹ́ rẹ̀? Kọ́múnù ní ọjà, ó ní kànga, ó ní ilé ẹ̀kọ́, ó ní owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá aláta. Bí ìran mẹ́wàá bá wà nínú eré, tí mẹ́sàn-án jẹ́ ti yàrá àti ilé ìdáná, ìtàn ìṣèlú kọ́ ni a ń ṣe.

Ẹ̀kẹta: bí ó bá ṣẹ̀, irú ẹ̀ṣẹ̀ wo ni? Bí ó bá jí owó ọjà, ẹ jẹ́ kí ó jí i bí olóṣèlú ṣe ń jí i, kí ìgbìmọ̀ kọ́múnù pè é lẹ́jọ́, kí àwọn ará ìlú sì fi ìbò lé e lọ. Ẹ má fi àìsàn ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà.

Ẹ̀kẹrin: bí a bá fi ọkùnrin rọ́pò rẹ̀, ṣé ìtàn náà yóò ṣì dúró? Bí kò bá lè dúró, ẹ̀tanú ló gbé e ró.

Àwọn àgbà wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tẹlifíṣọ̀n ti rán àwọn ọmọ wa níṣẹ́ ẹrú: ó ní kí wọ́n wá sọ fún wa pé obìnrin kò lè jọba bí kò ṣe pé ó pa ọba. Iṣẹ́ wa nínú ẹgbẹ́ yìí, tí a ń kọ Yorùbá ní apá kan ìwé wa, tí a ń kọ Faransé ní apá kejì, ni láti kọ́ wọn bí ọmọ ṣe ń jẹ́ iṣẹ́.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè yẹn yóò pé ọdún méjìdínlógún láìpẹ́, yóò sì lè dìbò. Ní ọjọ́ kan, ó lè wù ú láti fi orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìdìbò kọ́múnù. N kò fẹ́ kí ohun àkọ́kọ́ tí yóò wá sí i lọ́kàn ní ọjọ́ náà jẹ́ eré tí àwa fún ní ẹ̀bùn. Ẹ jẹ́ kí a dá ìwé náà padà fún un, kí ó tún un kọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà iwájú hàn án.